Alángbá Tí Kò Ní Ṣàárò Ẹnikẹ́ni

Àmátúlláhì kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bó bá dìde, á lọ yọjú lójú fèrèsé, á padà wá, á ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, á tún dé e. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ló ń ṣe. Láti ìgbà tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ti gbé Abẹ́òkúta, ó ti gbé Kàdúná, ó gbé Àkúrẹ́, ó gbé Benin. Ẹnikẹ́ni kò lé e kúrò níbì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kàn jí lọ́jọ́ kan tí ògiri yàrá rẹ̀ yóò dà bí ẹni ń sún mọ́ ọn, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ ló gbé e dé Enugu, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ike ní Emene, lápá ibi tí bàlúù ti ń balẹ̀. Ó gba yàrá kan nínú ọgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ sí. Obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri ni Fatimah, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ìyá Qonitah. Ọ̀fà ni àwọn òbí Fatimah ti wá, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Ìgbò bí ẹní mu omi, ó sì ń ta aṣọ ibùsùn ní New Market. Lọ́jọ́ tí Àmátúlláhì kó dé, obìnrin náà gbé ọbẹ̀ wá bá a, ó wo àwọn báàgì tó wà nílẹ̀, ó ní, "O kò ní tú ẹrù ni?" Àmátúlláhì ní òun máa tú u. Ó tú ìwọ̀nba èyí tó fẹ́ lò. Ìyókù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí òjò fi lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ara rẹ̀ kò gbélé mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní wọlé. Á rìn títí dé ojú irin, á padà, á tún rìn dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń kó èrò, á dúró bí ẹni pé ó ń retí ẹnì kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀, Sàbúrátù, tó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, pè é lórí fóònù.

"Àmátù, ohùn rẹ ti yí padà. Ṣé o ti tún fẹ́ gbéra ni?"

"Rárá, Màámi. Mo kàn ń rìn ni."

"Níbo?"

"Nínú yàrá."

Sàbúrátù mí kanlẹ̀. "Wá nǹkan tí yóò máa wo ojú rẹ. Mi ò sọ pé ọkọ o, ọkọ ń bọ̀ lásìkò tirẹ̀. Nǹkan ẹlẹ́mìí kan ni mo wí. Ẹni tó sin adìyẹ, kò sí bó ṣe lè rìn jìnnà tó, yóò rántí ìgbà tí wọ́n ń wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àmátúlláhì létí ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó rò ó. Yàrá kan ṣoṣo tó ti ń kírun kò gba ajá. Irun ológbò máa ń dí i nímú. Onílé kò fẹ́ adìyẹ nínú ọgbà. Ẹja inú gíláàsì nílò ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, iná Emene kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ekene, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún un pé obìnrin kan tóun mọ̀ ní New Haven ń ta gbogbo ohun tó wà nílé rẹ̀ nítorí pé ó ń kó lọ sí ìlú ọba. Àmátúlláhì nílò fáànù. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé.

Amarachi lorúkọ obìnrin náà, òṣìṣẹ́ báńkì ni. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣí gbayawu. Ọkùnrin méjì ń gbé fíríìjì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, obìnrin kan ń ká kọ́tìnnì, ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Láàárín gbogbo wọn, Amarachi dúró pẹ̀lú fóònù létí, ó ń fi ìka júwe ohun tí wọ́n ti rà àti ohun tí wọn kò tíì rà. Wọ́n ti gbé fáànù lọ kí Àmátúlláhì tó dé.

Ó fẹ́ padà, ni nǹkan kan bá pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Amara! Amara! You don chop?"

Odídẹrẹ́ ni, nínú àgò tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lábẹ́ àgò náà ni àpótí onígíláàsì kan wà, tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀, alángbá kan sì nà gbọọrọ lórí òkúta. Kì í ṣe irú alángbá olórí pupa tó ń sáré lórí fẹ́ǹsì. Ó gùn tó apá ènìyàn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn gbígbẹ, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì yí àgbọ̀n rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n. Ó gbé orí sókè, ó ń wo gbogbo àwọn tó ń kó ẹrù bí àgbàlagbà tó ń dúró kí ariwo rọlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Na Chairman be that," ni Amarachi wí. Ó ti gbé fóònù kúrò létí. Pidgin ni wọ́n jọ ń sọ. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ òkèèrè ni irú rẹ̀ ti wá, pé ọ̀rẹ́ òun kan tó ń sìn wọ́n ní Èkó ló fún òun. Kò lè gbé èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ, kò sì fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n. Kí ẹni náà ṣáà fẹ́ wọn ni.

Bó ṣe ń rìn lọ síbi ilẹ̀kùn láti gba ọ̀nà fún bẹ́ẹ̀dì, odídẹrẹ́ tún ké: "Amara! Amara!" Ó ń sún lórí igi tẹ̀lé e, ó ń na ọrùn.

"Tí ẹ bá lọ ńkọ́?" ni Àmátúlláhì bi í.

"E go call me taya," ni Amarachi dáhùn. Yóò máa pè mí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àmátúlláhì níbì kan. Nígbà tó wà ní kékeré, Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣòwò, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló fi í sí ní Ìsẹ́yìn. Ìyá a máa wá wò ó, a sì máa padà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé e lọ, ọmọ náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi fà á wọlé. Kò fẹ́ kí ohunkóhun dúró de òun bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó wo odídẹrẹ́, ó wo alángbá. Alángbá náà wò ó, ó pajú, ó yí orí sẹ́yìn sí òkúta rẹ̀.

"Èyí tí kò ní ṣàárò mi ni mo fẹ́," ló sọ ní Yorùbá láìmọ̀.

"Wetin you talk?"

"I say na the one wey no go miss me I want."

Amarachi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kó gbé Chairman nígbà náà. Ó ní kì í ké, kì í já nǹkan, kì í bèèrè ibi tí ènìyàn lọ. Ewé díẹ̀, ìrẹ̀ díẹ̀, gílóòbù kan, ó parí. Ó bá a gbé àpótí náà dé inú kẹ̀kẹ́, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì yára padà wọlé kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra.

Àmátúlláhì kò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ tán tí Fatimah fi bẹ́ síta.

"Àmátù, kí lo gbé yẹn? Áúsùbílàhì! Ọmọńlé!"

"Alángbá ni, Ìyá Qonitah. Kì í ṣe ọmọńlé."

"Ọmọńlé ni! Ṣé o kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni? Òun ló fẹ́ná mọ́ Ànábì Ìbúráhíìmù. Àwa tí wọ́n ní ká pa á, ìwọ ń gbé e wọlé."

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin náà. Ọmọńlé a máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣé èyí lè gun ògiri? Ìrìn lásán kì í yá a lára."

Qonitah, ọmọ Fatimah, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ti tẹjú mọ́ gíláàsì. "Mummy, e get beard! See am, like Alfa!"

"Pa ẹnu rẹ dé!" ni ìyá rẹ̀ jágbe, ṣùgbọ́n òun náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà ró. "Mi ò bá ọ jà. Kó má ṣáà kọjá ògiri yìí sọ́dọ̀ mi." Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi ewé ùgú tó kù lórí ìdáná rẹ̀ rán Qonitah sí i.

Alága ni Àmátúlláhì sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé Amarachi kò purọ́, kò sọ gbogbo òtítọ́ tán. Lóòótọ́ Alága kì í ké, ṣùgbọ́n ìrẹ̀ kì í fò wọlé fúnra rẹ̀. Ní àṣálẹ́, Àmátúlláhì a máa tẹ̀ síbi koríko lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú agolo àti tọ́ọ̀ṣì, á máa gbọ́ ibi tí ìrẹ̀ ti ń dún, á rìn lọ síbẹ̀, ìrẹ̀ á sì dákẹ́. Bí iná bá lọ, á gbé àpótí sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ara kì í kúkú rọ òun àti ẹran náà nígbà kan náà: bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá, Alága á nà sílẹ̀ bí igi, bí ó bá dúró, ojú Alága á tẹ̀lé e, á máa retí kó tún rìn. Ó bínú sí i nígbà mìíràn. "Ìwọ rí ìjókòó jókòó sí, àbí?" ló máa ń sọ. Síbẹ̀ ó ṣàkíyèsí pé òun kì í rìn lọ sí ojú irin mọ́ bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Òun a máa wọlé tààrà, torí pé oòrùn yóò ti kúrò lójú fèrèsé, òtútù á sì máa mú Alága.

Ó tó oṣù kan àti ààbọ̀ tí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ sì dé, eruku bo orí òrùlé, ètè gbogbo ènìyàn ń là. Ní àárín ọyẹ́ yẹn ni ìpè kan wọlé láti Kàlàbá. Ilé iṣẹ́ kan tí Àmátúlláhì ti kọ̀wé sí nígbà tó wà ní Benin, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé, ló ní kó wá. Ipò náà ga ju èyí tó wà lọ. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Ara rẹ̀ yá gágá. Kò tíì sọ fóònù kalẹ̀ tán tó fi ti ń fa aṣọ sílẹ̀ lórí okùn. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Emene, Ọ̀gbẹ́ni Uchenna, pé òun ń lọ. Uchenna wò ó títí, ó ní, "So soon?" Ó sọ fún Fatimah náà. Fatimah ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ta ló máa ni alángbá?" ló béèrè.

"Èmi náà ni. Kò wúwo."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìyẹn, Alága kọ oúnjẹ. Ó kọ ìrẹ̀, ó kọ ewé. Ó wọ abẹ́ òkúta rẹ̀, ó sin ojú sínú iyanrìn, kò sì jáde mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Àmátúlláhì fi ọwọ́ kàn án, kò mira. Ara rẹ̀ tutù bí ilẹ̀. Ó pè é, ó gbọn àpótí díẹ̀. Kò mira.

Ẹnu yà á nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sunkún. Fatimah gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, ó ti ilẹ̀kùn wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

"Ó ti kú," ni Àmátúlláhì wí.

"Sún." Fatimah fi etí ìborùn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ náà bọ inú àpótí, òun tó ti ní kí ẹran náà má kọjá ògiri. Ó gbé ìka sí abẹ́ ikùn alángbá, ó di ojú. "Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Dúró ná. Dúró. Ó ń mí. Ó ń mí, Àmátù! Ó kàn jìn síra wọn ni."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Amarachi lórí fóònù, pẹ̀lú àwòrán. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, torí pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ohùn ló fi ránṣẹ́, ariwo ọkọ̀ ojú irin ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì pé òun gbàgbé láti sọ. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, Chairman a máa sùn. Ó lè sùn tó oṣù méjì. Kí wọ́n má jí i, kí wọ́n má gbé e káàkiri, kí wọ́n ṣáà máa gbé omi sí ìtòsí rẹ̀. "Him never old," ló fi parí ọ̀rọ̀. "Na two years e dey. E fit live reach ten more, even twelve. Thank you my sister. Thank you."

Àmátúlláhì tún ohùn náà gbọ́. "Ó ní ọdún mélòó?"

"Mẹ́wàá," ni Fatimah wí. "Tàbí méjìlá."

"Ọdún mẹ́wàá! Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ṣé o béèrè?"

Kò béèrè. Èyí tí kò ní da òun láàmú ló mú, kò rò pé yóò pẹ́ ju ilé tó ń gbé lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún dìde. Ó wá ẹni tí yóò gbà á. Ekene ní òun fẹ́, ó sì wá wò ó, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ń fi ìka kan gíláàsì kíkan-kíkan, ó ní kó jí kí òun lè ya fídíò rẹ̀. Àmátúlláhì ní kó fi í sílẹ̀. Ekene lọ pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Fatimah ní òun kò lè purọ́, òun kò lè sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé ní òwúrọ̀ Sátidé, Àmátúlláhì tẹ́ aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀ oníke kan tó ní ihò, ó gbé Alága sí i pẹ̀lú oorun rẹ̀, ó fi ìró bò ó lórí, ó sì mú ọ̀nà gáréèjì pọ̀n.

Bọ́ọ̀sì Kàlàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Wọ́n ju àwọn báàgì rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n to àpò ìrẹsì àti táyà ẹlòmíràn lé wọn lórí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, apẹ̀rẹ̀ lórí itan. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kíá. Ó ń wo dẹ́rẹ́bà, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń ka àlàfo tó kù kí ọkọ̀ kún. Obìnrin kan tó sanra, tó múra bí ẹni ń lọ síbi ìsìnkú, jókòó tì í. Bó ṣe ń tún ara ṣe, ó rí ohun kan tó yọ sílẹ̀ lára apẹ̀rẹ̀ bí okùn. Ó fi inú rere nawọ́ láti tì í wọlé.

"Agwọ! Snake! Jesus!"

Bọ́ọ̀sì dà rú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkan, kò sì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Àmátúlláhì ń pariwo pé kì í ṣe ejò, pé alángbá ni, pé ó ń sùn.

"E dey sleep?" ni dẹ́rẹ́bà béèrè láti ojú fèrèsé. "Lizard dey sleep, you carry am dey go Calabar? For do wetin?"

Àmátúlláhì ti ìrù Alága padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé oògùn ni, pé ènìyàn gidi kò lè gbé alángbá rìnrìn àjò. Àwọn yòókù gbà bẹ́ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní ọ̀kan nínú wọn ni yóò bọ́ sílẹ̀, Àmátúlláhì tàbí alángbá. Ọ̀kan nínú àwọn agbèrò, ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́. "Sister, bring am. Make I drop am for that bush. Na lizard now, e go manage."

Àmátúlláhì wo igbó tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti jóná. Ó mọ̀ pé Alága kò ní jí. Ẹyẹ ni yóò rí i, tàbí ajá. Ó gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ó fi ejìká la àárín àwọn èrò, ó bọ́ sílẹ̀.

"Báàgì mi!" ló ké.

"E dey under! We go drop am for Calabar office!" Bọ́ọ̀sì ti ń yí. Ó ṣẹ́rí sí ojú títì, èéfín rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́, ó lọ.

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ ibòòji páànù. Bọ́ọ̀sì mìíràn ti wọlé sí àyè èkíní, wọ́n ti ń pe Kàlàbá. Kò ṣòro. Ó lè ti apẹ̀rẹ̀ bọ inú àpò ńlá kan, ó lè ra ìjókòó méjì, ó lè purọ́ pé àkàrà ni. Ó dìde lọ bá ẹni tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì. Ó padà wá jókòó. Ó tún dìde. Nínú orí rẹ̀, ó rí Kàlàbá: yàrá tuntun, fèrèsé tuntun, oṣù bíi mélòó kan tí gbogbo nǹkan yóò fi máa dán, lẹ́yìn náà ògiri. Lẹ́yìn náà gáréèjì mìíràn, apẹ̀rẹ̀ lórí itan, ìlú mìíràn, àwọn èrò tí wọ́n ń pariwo, fún ọdún mẹ́wàá. Ó sì rẹ̀ ẹ́. Kò tíì rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò ní gáréèjì.

Ó pe obìnrin tó gbà á síṣẹ́ ní Kàlàbá. Ó ní kó má bínú, òun kò ní lè wá.

"Lọ́jọ́ Ajé ni, àbí pátápátá?" Ọmọ Yorùbá ni obìnrin náà pẹ̀lú.

Àmátúlláhì wo apẹ̀rẹ̀ orí itan rẹ̀. Agbèrò ń pe èrò. "Pátápátá, mà."

Nígbà tí ìpè náà parí, inú rẹ̀ kò dùn. Ó dà bí ẹni tó ju nǹkan olówó iyebíye sínú odò, tó sì ń wo ibi tó rì sí. Ó jókòó níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì kejì fi kún tó lọ, kó tó wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Emene.

Fatimah ń fún aṣọ tó fọ̀ lójú ọgbà nígbà tó rí i. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. "Kí lo gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n lé wa sọ̀ kalẹ̀."

"Wọ́n lé ta ni?"

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Fatimah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí aṣọ tútù. Àmátúlláhì dúró, ó ń wò ó, inú ń bí i. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín mú òun náà, ẹ̀rín tí omijé dà pọ̀ mọ́. Ìjókòó kan náà ni Fatimah ti na kọ́kọ́rọ́ yàrá sí i. Kò tíì dá a padà fún onílé, àpótí onígíláàsì Alága sì ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Ọ̀gbẹ́ni Uchenna bá a wí gidigidi lọ́jọ́ Ajé kó tó gbà á padà, ó sì fi í sí iṣẹ́ alẹ́ fún oṣù kan gbáko. Àwọn báàgì rẹ̀ ti Kàlàbá dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn ti ya. Kò sí ẹni tó kí i kú oríire. Ìgbà mìíràn tó bá rántí ipò tó sọ nù, á wo inú àpótí tí Alága ti ń sùn, á ní, "Ìwọ ló fà á," á sì tún bu omi sí àwo rẹ̀.

Kò sì wò sàn kúrò nínú ìrìn. Bí Sátidé bá dé tí ara rẹ̀ kò gbélé, á wọ ọkọ̀ lọ sí Nsukka tàbí Abakaliki, á rìn káàkiri ọjà wọn, á jẹ nǹkan, á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Fatimah ní irú ìnáwó wo nìyẹn. Àmátúlláhì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ná an.

Òjò àkọ́kọ́ ló jí Alága. Àmátúlláhì ti ibi iṣẹ́ dé lówùúrọ̀, ó bá a lórí òkúta, ó rù, orí rẹ̀ wà lókè, iyanrìn wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó lá omi títí. Nígbà tó gbé ojú sókè wò ó, kò sí ohunkóhun nínú ojú náà tó jọ ìkíni. Ó gba tata kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì pajú.

Lẹ́yìn ọdún Ítúnù Ààwẹ̀, Sàbúrátù wá láti Ìsẹ́yìn. Kò sọ tẹ́lẹ̀ àfìgbà tó wọ ọkọ̀ tán ní Ìbàdàn. Àmátúlláhì lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ó bá a tó dúró láàárín ẹrù, ìró rẹ̀ ti rún, ó ń wo òkè tó yí ìlú ká.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Hẹ̀n, o wà níbẹ̀." Ó fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀. "Mo ti múra àtiwá bá ọ ní Àkúrẹ́ nígbà kan. Mo ti ra gààrí, mo ti ra epo. Lo bá pè pé o ti wà ní Benin. Mo ta gààrí yẹn ni."

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Kí ni n bá sọ?"

Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ dé Emene. Fatimah ti gbé ìjókòó síta dè wọ́n, ó kúnlẹ̀ kí Sàbúrátù bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nínú yàrá, Sàbúrátù tẹ̀ síwájú àpótí onígíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀, òun àti alángbá wo ara wọn.

"Èyí náà nìyí?"

"Òun náà ni."

"Ojú rẹ̀ le." Ó nà ró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ó wo yàrá náà yípo. "Ìgbà wo lo wá fẹ́ kúrò níhìn-ín?"

Àmátúlláhì fẹ́ sọ pé òun kò lọ mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. "Mi ò mọ̀, Màámi."

Sàbúrátù mi orí. Ó dà bí ẹni pé ìdáhùn náà tó o. "Ó dáa. Gba kẹ́ẹ̀gì yìí lọ́wọ́ mi," ló wí, "epo ti ń jò sí mi láṣọ láti ìgbà tí a ti gun afárá Ọnítṣà."